Ẹ Wo Ẹ̀yìn Páálí Oògùn Tó Ń Yọ́ Ọ̀rá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá, ohùn àwọn tó ń polówó oògùn tó ń dín ìsanra kù ló gba ìgboro kan: "Ewé lásán ni, kò ní kẹ́míkà!" Àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọge tó ń múra ìyàwó ló ń rà á jù.

Mo gba páálí kan lọ́wọ́ ìyá kan tó ń tà á ní Kútọ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Senna ló ṣáájú, ẹbí àsúnwọ̀n tí àwa náà ń lò nígbà tí ìgbẹ́ bá gan. Ẹni tó bá mu ún á yàgbẹ́ dáadáa, inú rẹ̀ á fúyẹ́, kílò á dín lórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n omi àti ìgbẹ́ ló jáde o, ọ̀rá ò kúrò níbi tó wà. Ìfun ńlá ni senna ti ń ṣiṣẹ́, ìfun kékeré sì ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ kó tó débẹ̀. Bó bá ti jẹ tó mu, kílò á padà.

Èyí tó dùn mí jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní African mango, tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi. Kóró àpọ̀n ni! Àpọ̀n tí à ń lọ̀, tí à ń fi jẹ láfún. Lóòótọ́, ìwádìí kan jáde láti Kamẹrúùnù ní 2009: èèyàn 102, ọ̀sẹ̀ 10, kílò àwọn tó lò ó sì dín gan-an. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní 2013, mẹ́ta péré ni wọ́n rí, gbogbo rẹ̀ ló sì ní àléébù. Garcinia ńkọ́, èso kan tí wọ́n tún ń fi ṣe oògùn yìí? Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára èèyàn 135 fún ọ̀sẹ̀ 12. Èsì tó jáde ní 1998 ni pé kò ju kápúsù òfìfo lọ.

Àwọn kan tún wà tó ń ṣiṣẹ́ wàràwàrà. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Àwọn aláṣẹ oògùn lókè òkun ti bá sibutramine, kẹ́míkà tó ń pa ebi, léraléra nínú kápúsù tí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí lára. Sibutramine yìí ni oògùn tí wọ́n kó kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Kí ni ẹlẹ́jẹ̀ ríru fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Wọ́n á ní ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Oògùn ìbílẹ̀ tí àjọ náà kàn kọ sínú ìwé gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan lára, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Lẹ́tà tíńtín ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí: bí ẹ bá gba ìpolówó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ gbólóhùn yẹn mọ́ ọn, kí ó hàn gàdàgbà bí iye owó rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta