Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó gé igi kọfí Màámi

Bùọ̀dá mi,

Ogójì ọjọ́ yín pé lánàá. Lẹ́yìn tí a ṣàdúà tán, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń wá kùkùté. Kò sí ọ̀kan. Kọnkéré fúláàtì tí ẹ kọ́ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìlú yòówù kí n dé, kọfí ni mo kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Addis Ababa, ní Ethiopia, n kò mu ti òtẹ́ẹ̀lì. Awakọ̀ táṣì ni mo bi pé níbo ni òun fúnra rẹ̀ ti ń mu tirẹ̀ láàárọ̀. Tí mo bá dé irú ibẹ̀, páìpù tí wọ́n fi ń gbóná mílíìkì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí mílíìkì àná bá gbẹ mọ́ ọn, mo ti jáde nìyẹn. Mo á wá ọjọ́ tí wọ́n yan kọfí lára ọ̀rá rẹ̀. Èyí tó bá ti lé lóṣù kan, n kì í rà á.

Tomoca ló gbé mi lọ, ilé kọfí kan ní àdúgbò Piazza. Láti 1953 ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Òórùn kọfí yíyan pàdé mi lójú títì kí n tó rí ilẹ̀kùn. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń mu ún, nídìí tábìlì gíga. Macchiato, kọfí tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí, ni àwọn èèyàn ń bèèrè. Èmi gba espresso, kọfí kíki inú ife kékeré, mi ò fi ṣúgà sí i. Mo fi ahọ́n kàn án, Bùọ̀dá, mo sì bá ara mi ní ilé ìdáná Màámi l'Ómù-Àrán.

Ọjọ́ tí Màámi lọ sọ́jà yẹn. Ẹ bu kọfí tó sá sórí àpáta, ẹ gún èèpo rẹ̀ kúrò nínú odó, ẹ yan án nínú agbada gààrí títí èéfín fi lé adìyẹ jáde. Orí ọlọ ata lẹ ti lọ̀ ọ́. Ẹ bù ú fún mi nínú ife tánganran: "Mu ún, má sọ fún Màámi." Ó korò, ó tún ta lẹ́nu. Mo mu ún tán torí pé ẹ̀yin lẹ fún mi. Gbogbo ọdún tí a fi ń ká kọfí yẹn fún àwọn tó ń wá fi àpò kó o, ọjọ́ yẹn nìkan la tọ́ ọ wò.

Iléyá 2004, mo délé, mo bá búlọ́ọ̀kù. Ẹ ní ta ló tún ń ra kọfí, ẹ sì bu iyán sí i fún mi. Robusta mà ni irú kọfí tiwa yẹn, Bùọ̀dá! Òun ni àwọn ará Ítálì ń pò mọ́ arabica, irú kọfí kejì, kí ìfófó espresso lè nípọn. Mo ní fóònù nígbà yẹn. Ẹ kàn lè pè mí. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti dárí jì yín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n ń ṣe kọfí fún àlejò nílé ẹnì kan ní Addis. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní baraka, àlùbáríkà tiwa náà ni. Ẹ pè mí kí wọ́n tó bu ìyẹn. Ohùn yín ti rẹ̀. Ẹ ní, "Ra díẹ̀ bọ̀ fún mi." Ẹ̀yin!

Maṣíìnì espresso tí mo fi owó kóòpù rà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, n'Ílọrin. Kọfí gíráàmù 18, omi tí agbára bar 9 ń tì, ìṣẹ́jú-àáyá 25 sí 30: mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Iná ni kì í dúró. Tó bá ti lọ sílẹ̀, omi ò ní gbóná tó, kọfí á sì kan. Àwọn ọmọ Unilorin á wo iye owó, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ máíṣáyì. Owó ṣọ́ọ̀bù pé lóṣù tó ń bọ̀. Àná náà ni ọmọ yín gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i, wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ tó kù lẹ́yìn ilé. Mo ní kó fún mi láyè.

Kọfí tí ẹ ní kí n rà bọ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi, mi ò tíì já a. Ọjọ́ tí wọ́n yan án wà lára rẹ̀. Ó ti lé lóṣù kan.

Àbúrò yín ni.