Kí wọ́n jẹ́ ká ka ìwádìí Tudun Biri

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń yá lẹ́nu ìjọba bí ohun ìjà wọn bá ti pa ẹni tí kì í ṣe jagunjagun: "Àṣìṣe ni." Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ bá wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àwọn ará abúlé Tudun Biri ní Ìpínlẹ̀ Kaduna ń ṣe Máólúdì lọ́wọ́ nígbà tí bàálù ológun tí kò ní awakọ̀ ju bọ́ǹbù sí wọn láàárín. Àwọn tí orí kó yọ sọ pé ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbé àwọn tó fara pa ni bọ́ǹbù kejì ti bá wọn. Òkú 85 ni NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, sọ pé wọ́n sin. Ilé iṣẹ́ ológun gbà pé àwọn ni, wọ́n ní àwọn ṣì wọ́n mú fún agbésùnmọ̀mí.

Àdúgbò tiwa náà ń ṣe Máólúdì. A máa ń fi kánópì dí òpópónà, àwọn ọmọdé á máa sáré kiri nínú aṣọ funfun, ìkòkò ìrẹsì á sì wà lórí iná lẹ́yìnkùlé. Láti òkè, lóru, kí la jọ bí kò ṣe èrò tó ń rìn yí iná ká? Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ níbi tó jìnnà kò lè gbọ́ wákà tí àwọn ìyá wa ń kọ.

N kò sọ pé ogun àwọn baba ńlá wa sàn jù, nítorí wọ́n jó ìlú, wọ́n sì kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, tọmọdé tàgbà ló mọ ipa tí Ògúnmọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Ìbàdàn, kó níbẹ̀. Ta ló mọ ẹni tó ju bọ́ǹbù Tudun Biri?

Àfikún Kìn-ín-ní, ti ọdún 1977, sí Àdéhùn Geneva tó jẹ́ òfin ogun àgbáyé, sọ pé bí iyèméjì bá wà lórí ẹnì kan, ará ìlú ni kí a kà á sí. Ogun láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí a bá lè ṣe èyí fún ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, ọmọ tiwa ńkọ́? Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni bàálù ológun òfuurufú wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno. Àṣìṣe náà ni wọ́n pè é.

Mo bẹ àwọn aṣòfin wa kí wọ́n jẹ́ kí a ka gbogbo àbájáde ìwádìí Tudun Biri, pàápàá ibi tó bá sọ ìdí tí wọ́n fi ju bọ́ǹbù kejì.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Ìbàdàn.