Lẹ́tà sí Adéwálé lórí irin tó ń dógùn-ún

Láfẹ́ńwá,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, 2024.

Adéwálé ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ìwọ, ìyàwó wa àti ọmọ wà ní àlàáfíà nínú òtútù Kánádà. Ìbéèrè tí o fi parí rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín: o ní kí ni ọmọ jórinjórin yóò máa ṣe níwájú kọ̀ǹpútà fún ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lórí ẹ̀kọ́ nípa irin tó ń dógùn-ún, nígbà tí irin gidi wà nígboro tó ń jẹrà lójú gbogbo ayé. Bàbá mi náà ti bi mí bẹ́ẹ̀.

Ti owó kò gùn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó gbà mí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò san owó ẹ̀kọ́ mi, wọ́n á sì máa fún mi ní owó oúnjẹ àti ilé lóṣooṣù. Púpọ̀ nínú irú ètò báyìí ló jẹ́ pé iye tí ọmọ ìlú wọn ń san nìkan ni wọ́n ń san, tí ìyókù á já lé àjèjì lórí. Mo kọ̀wé béèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n tí n ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sì fèsì pé àwọn yóò san ìyókù náà.

Iṣẹ́ náà gan-an ló gùn láti ṣàlàyé. Rántí bí a ṣe máa ń wo ìsàlẹ̀ láti orí Òkúta Olúmọ, tí òrùlé páànù tó ti pọ́n bí amọ̀ á kún ojú wa. Iná mànàmáná kékeré ló ń ṣiṣẹ́ lára páànù wọ̀nyẹn. Bí omi bá bo irin, ibì kan lára rẹ̀ á máa yọ́ sínú omi, á sì jọ̀wọ́ electron, ìyẹn èérún wẹ́wẹ́ tó ń gbé iná mànàmáná. Ibòmíràn lára irin kan náà ni ọ́síjìn inú omi yóò ti gbà á, bí ẹni pé orí àti ìdí bátìrì ni ibi méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìpáàrà fi ń fẹ́ràn ìdí ìṣó àti ibi tí páànù méjì ti gorí ara wọn, níbi tí omi kì í ti í tètè gbẹ. Ìdí nìyí náà tí páànù etí òkun Èkó kì í fi í pẹ́ tó tiwa, nítorí iyọ̀ ń la ọ̀nà fún iná náà nínú omi.

Lórí kọ̀ǹpútà, n ó gé àwòrán irin sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, n ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tó ń sọ iye iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ti nípọn tó àti bí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì fi ibi tí irin yóò ti kọ́kọ́ lu hàn mí.

O lè ní kí ló dé tí a kò kàn dán an wò lára irin. Ní nǹkan bí 1823, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ bàbà tí wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí omi òkun ń jẹ, wá bá Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé bí a bá so irin tàbí síǹkì díẹ̀ mọ́ bàbà náà, irin tàbí síǹkì yẹn ni òkun yóò máa jẹ, tí bàbà yóò sì yè. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, àní ó ṣiṣẹ́ jù. Bàbà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ti ń pa koríko àti ẹ̀dá òkun tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Nígbà tí kò yọ́ mọ́, wọ́n hù bo ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ sì ń wọ́ bí arúgbó tó rẹrù. Wọ́n pa ọgbọ́n náà tì. Lójú tèmi, ìwọ̀n ni kò sí lọ́wọ́ Davy. Èmi lè sún síǹkì kiri lórí kọ̀ǹpútà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láìná kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́: kọ̀ǹpútà kò mọ òjò Abẹ́òkúta. Omi iyọ̀ mímọ́ inú ìgò ni wọ́n sábà ń fi wọn iye tí a ń fi bọ́ kọ̀ǹpútà náà, bẹ́ẹ̀ èéfín, eruku ọyẹ́, òjò àti oòrùn ni páànù tiwa ń jẹ. Nítorí náà ni mo fi gé páànù díẹ̀ láti orí ilé wa, èyí tí bàbá mi kàn ní 1998, kí n lè wọn bó ṣe nípọn kù, kí n sì mọ̀ bóyá ìṣirò mi ń purọ́. Bàbá mi bínú díẹ̀ nítorí ihò tí mo dá sí i lórí.

Ṣé o rántí bí bàbá wa àgbà ṣe ń fi epo pa àdá kí wọ́n tó fi há àjà? Àwọn onímọ̀ wa ní Nàìjíríà ti ń dán omi ewúro wò bákan náà láti fi gba irin lọ́wọ́ ásíìdì, kọ̀ǹpútà sì lè fi hàn bí èròjà inú ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ojú irin. Wọn kò sanwó fún mi nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n n ó rọ́ ọ wọ ibẹ̀ bó bá yá.

Mo ní iṣẹ́ kan fún ọ. O sọ pé iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì yín nígbà yìnyín. Kí o tó fọ ọkọ̀ rẹ, jọ̀wọ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ya àwòrán ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù títí yìnyín yóò fi tán. Bí ìyàwó wa bá bi ọ́ ohun tí ò ń wá níbẹ̀, sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Olúṣẹ́gun.