Múínà, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Màmá

Èbúté-Mẹ́ta, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Múínà mi,

Ṣé òtútù Winnipeg ò tíì sọ ẹ́ di ẹja inú yìnyín? Mo rí i pé o pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, mi ò sì gbé e. Má bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe ti orí fóònù, torí mo mọ̀ ẹ́, o ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin.

Mo lọ kí Màmá yín ní Campos lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara wọn le lójú, wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀wà àgànyìn ṣe mí lálejò. Ṣùgbọ́n mo wo ìrìn wọn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò gbé ẹsẹ̀ mọ́, Múínà. Wọ́n ń wọ́ ọ ni, ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, àfi bí ẹni pé gọ́ọ̀mù wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yí padà, ó ń tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà, méje. Ọmọ tó ń tọ́jú wọn yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi pé ìtọ̀ kì í dúró dè wọ́n mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì bi mí bóyá Bàbá mi ṣì ń lọ sí ìsọ̀ ní Oyíǹgbò. Gbogbo ilé ní ọjọ́ ogbó ni. Ohun tí àwa náà sọ nípa Bàbá nìyẹn, ó sì kù díẹ̀ kó pa wọ́n.

Mi ò ròyìn gbogbo ẹ̀ fún ẹ nígbà yẹn torí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá fi orí gbá òkè ilẹ̀kùn dánfó ní Ojúẹlẹ́gba. Wọn ò ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Wọ́n bú kọ́ńdọ̀, wọ́n wọlé jókòó, ó parí. Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa dé àárín, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti ń wọ́lẹ̀, ife ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Àbúrò wọn ní àsàsí ni. Ẹni tó ń ta oògùn ní àdúgbò ní rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n fi aspirin kún èyí tí wọ́n ń lò. Mo fi kún un. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún wọn ní gbogbo sààrì.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, a jí wọn, wọn ò jí dáadáa. Ilé ìwòsàn kejì tí a gbé wọn dé ló ní kí a lọ ya síkáànù.

Dọ́kítà obìnrin kan, tí mo lè fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ, ló gbé àwòrán náà síwájú mi. Òun ló ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Iléyá ló jẹ́ kó yé mi. O rántí bí Bàbá ṣe máa ń fi àáké la orí àgbò lẹ́yìnkùlé, tí èmi àti ìwọ á lóṣòó tì wọ́n nítorí ọpọlọ? Egungun á là tán, ọpọlọ ò ní tíì hàn. Awọ funfun kan á ṣì wà níbẹ̀, tó yi bí awọ gángan, Bàbá á fi ọ̀bẹ dá a lu. Lábẹ́ ẹ̀, òmíràn tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Ẹ̀kẹta ló lẹ̀ mọ́ ọpọlọ fúnra ẹ̀, tó ń bá gbogbo ìkákò rẹ̀ wọlé jáde, tí Ìyá mi á ní kí a fi èékánná ṣa kí wọ́n tó sè é, tí a ó sì fà á títí ọpọlọ á fi fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ti èèyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń fi èdè Látìnì pe ti òkè ní dura mater, ìyá líle. Ti ìsàlẹ̀ ni pia mater, ìyá jẹ́jẹ́. Àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ ló kọ́kọ́ ń pe awọ ọpọlọ ní ìyá, Látìnì sì gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ti àárín jọ òwú aláǹtakùn, aláǹtakùn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ: arachnoid. (Àwọn awọ yìí ni àrùn yírùnyírùn máa ń mú wú, tí ọrùn èèyàn á fi gan.) Nígbà tí mo ròyìn èyí fún Bàbá lẹ́yìn tí ara wọn yá, wọ́n ní ilé tí ìyá méjì wà, tí aláǹtakùn wà láàárín wọn, ilé tàwọn gan-an nìyẹn. Ìyá mi tó jẹ́ ìyálé gbọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Láàárín ìyá líle àti aláǹtakùn ni ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti ń jò. Àwọn iṣan kéékèèké kan ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tán kúrò nínú ọpọlọ lọ sínú ọ̀nà ńlá kan tó wà nínú awọ líle náà. Bí èèyàn bá ń dàgbà, ọpọlọ á máa súnkì díẹ̀díẹ̀ kúrò lára agbárí, àwọn iṣan yìí á sì na tàntàn bí okùn tí a fi ń sá aṣọ. Gbígbá kékeré ti tó láti já ọ̀kan. Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ni, kò lágbára bíi ti èyí tó ń gbé e bọ̀, torí náà kì í ya. Ó ń kán ni, tó, tó, tó, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Aspirin tí mo ń fún wọn ò sì jẹ́ kó dì.

Mo ní, ṣé kì í ṣe rọpárọsẹ̀? Ó ní rọpárọsẹ̀ máa ń dé lójijì ni. Iṣan mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, méjì níwájú ọrùn, méjì gba inú egungun ọrùn lẹ́yìn. Gbogbo wọn pàdé lábẹ́ ọpọlọ, wọ́n so kọ́ra bí òrùka. Orúkọ Thomas Willis, dọ́kítà ará Ìlú Ọba tó kọ nípa rẹ̀ ní 1664, ni wọ́n fi ń pe òrùka náà. Ìdí tó fi wúlò ni pé bí ọ̀kan bá dí, ti ìyókù lè gba ibẹ̀ yí ká, bí a ṣe máa ń gba Carter Bridge tàbí Eko Bridge nígbà tí wọ́n bá ti Third Mainland. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ni òrùka tiẹ̀ pé. Tó ìgò omi 75cl ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè lọ síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo! Bí ọ̀nà kan bá wá dí pátá lẹ́yìn òrùka náà, ibi tó ń bọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ti Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń débẹ̀, ẹrù ló wà lórí ọpọlọ.

Wọ́n lu ihò méjì sí apá òsì agbárí wọn. Ohun tó jáde dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife tíì, wọ́n ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ń la orí màlúù ní Oko-Ọba, wọ́n wá la tèmi." Wọ́n bi dọ́kítà náà bóyá òyìnbó ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní rárá o, Látúndé Odẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn láti 1962, nígbà tí ìyá òun pàápàá ò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Màmá ti wọlé nìyí. Nínú àwòrán yẹn, láàárín gbùngbùn ọpọlọ, mo rí ohun dúdú méjì tó tẹ̀ kọdọrọ, tí ẹ̀jẹ̀ ti tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní ìwo àgbò ni. Dọ́kítà rẹ́rìn-ín, ó ní ìwo náà ni ìwé àwọn ń pe etí wọn. Yàrá omi ni wọ́n, mẹ́rin sì ni gbogbo rẹ̀. Ìwo méjì yẹn ló tóbi jù. Ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, bí àlàfo pákó méjì, ẹ̀kẹrin wà lẹ́yìn, lókè ìpàkọ́. Ẹran wúruwùru kan wà nínú wọn tó ń sẹ́ omi láti ara ẹ̀jẹ̀. Omi náà á ti yàrá dé yàrá, á gba ojú ihò kan tí kò tó ìbú ìdí ìgbálẹ̀ mẹ́ta kọjá sí ẹ̀kẹrin, á wá jáde yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká lábẹ́ aláǹtakùn, kó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀ ní àtàrí.

Mo ní báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ó mú pure water kan lórí tábìlì, ó ní bí èyí lójúmọ́, 500 mílílítà. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 150 péré ló máa ń wà nínú ẹ lẹ́ẹ̀kan, kò tó ìdá mẹ́ta ọ̀rá yẹn, torí bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ọpọlọ tó wúwo tó 1,400 gíráàmù, nígbà tó bá léfòó nínú omi yìí, bíi 50 ló kù. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn.

Bí omi náà ò bá rọ́nà jáde nínú ọmọ ọwọ́, orí á máa wú, torí egungun ò tíì pa dé. Ti àgbàlagbà ò lè wú. Àwọn yàrá yẹn ni yóò máa fẹ̀ nínú, díẹ̀díẹ̀, á máa na ohun tó yí wọn ká. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, ẹsẹ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ìtọ̀, àti ìgbàgbé. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo rí Màmá.

Nígbà tí mo mú Bàbá padà lọ lọ́jọ́rú, mo bi í. Kò gbà láti sọ ohun tó ń ṣe ẹni tí kò rí. Ó ní ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó lóòótọ́, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ kéékèèké, ó lè jẹ́ irú ti Bàbá. Síkáànù ló máa fi hàn. Bó bá jọ ti omi, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìbàdí, kí wọ́n wo ìrìn ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ìrìn bá já fáfá, wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ awọ láti orí dé inú ikùn, kí omi máa bá ibẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ràn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ sì máa ń gbà ju ìrántí lọ. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan ti tó mi.

Bá Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, torí òun ló ń pàṣẹ ní Campos, kò sì ní gbọ́ tèmi. Má dárúkọ orí fún Màmá rárá, wọ́n á ní a fẹ́ sọ àwọn di wèrè. Sọ pé ẹsẹ̀ la fẹ́ lọ yẹ̀ wò. Irọ́ kọ́. Èmi ni màá mú wọn lọ, Bàbá ní àwọn á tẹ̀ lé wa, kí àwọn fi ojú àpá han Màmá.

Ọjọ́rú ni dọ́kítà náà máa ń rí aláìsàn. Pè mí kó tó pé. Màá gbé e.

Èmi ni,
Ráfátù