Ẹ Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Irin Sílẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Ẹkọ́ṣẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ bá délẹ̀, àpótí irinṣẹ́ ni àwọn olóṣèlú máa ń sáré pín. Sípánà àti òòlù wúlò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fi wọ́n gbẹ́ ṣáfútù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ lathe, tó ń yí irin kí ọ̀bẹ ara rẹ̀ lè gbẹ́ ẹ, ló ń ṣe é, owó rẹ̀ sì ju agbára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀rọ wọlé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò jáde nínú àpótí, torí kò síná, kò sólùkọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní lathe ṣí i fún àwọn ọmọ ẹkọ́ṣẹ́ nírọ̀lẹ́ àti ní Sátidé, kí wọ́n máa sanwó wákàtí tí wọ́n bá lò. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Kí ẹnikẹ́ni tó dá lo ẹ̀rọ, kó mú ọ̀pá mild steel (irin tí kò le jù) tó nípọn ní mílímítà 25, kó gbẹ́ ẹ dé 20, kí ìyàtọ̀ ìnípọn ìdí àti orí rẹ̀ má ju mílímítà 0.05 lọ lórí micrometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ HSS (high-speed steel, irin líle tí a fi ń gé irin), kí irin máa yí bí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá gbé e dé 1,000, ẹnu ọ̀bẹ rẹ̀ á jó. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ga ju àárín irin lọ, á máa ra á láìgé e. Tó bá rẹlẹ̀, kókó kékeré á ṣẹ́kù láàárín ojú irin. Bí orí tó jìnnà sí chuck (ẹnu ẹ̀rọ tó di irin mú) bá sì nípọn ju ìdí lọ, irin ló ń sá fún ọ̀bẹ: ó yọ síta jù, tailstock, tó yẹ kó gbá orí kejì irin mú, kò sì dì í mú.

Ẹni tó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sórí chuck, kó máa lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ìbọ̀wọ́ àti apá aṣọ tó gùn, ẹ̀rọ á fà wọ́n wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ni.

Ẹ̀rọ ni ká jọ lò. Kí olúkúlùkù ní ọ̀bẹ tirẹ̀. Ọ̀bẹ àjọlò, gbogbo ayé ló ń fi í gbẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń pọ́n ọn. Ẹni tí kò sì mọ ọ̀bẹ pọ́n, kò tíì mọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Mọ́tò oní-fáàsì mẹ́ta ló wà lára púpọ̀ nínú àwọn lathe ńlá. Bí fáàsì kan bá já, mọ́tò á máa kùn, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Nítorí náà, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fi ohun tí ń gé iná fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Mọ́tò 2.2 kW tún máa ń fa iná bí ìlọ́po mẹ́fà èyí tó ń lò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó bá ń gbéra, jẹnẹrétọ̀ 3 kVA kò lè gbé e.

Àwa kan tí ń gbẹ́ irin,
Ìbàdàn.