Ẹni tó gbé ife nínú fọ́tò kọ́ ló máa ń borí

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jẹ́ n fi kinní kan kún ohun tẹ́ ẹ kọ nípa ìwé aláwòrán tó sọ ìtàn eré ìje mọ́tò yẹn. Lóòótọ́ àwọn fọ́tò ẹ̀ dùn-ún wò gan-an, pàápàá ti pápá eré ìje mọ́tò Indianapolis ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi bíríkì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ ní 1909 (owó ńkọ́!). Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ẹni tó gbé ife dání, ẹ rọra máa gbà á gbọ́.

Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ní 1894 tí wọ́n sáré láti Paris lọ sí Rouen, Comte de Dion, ọlọ́lá ará Faransé kan, ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n ooru omi ló ń wa ọkọ̀ tiẹ̀, wọ́n dẹ̀ nílò ẹlòmíì tí á máa koná sí i, bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀bùn àkọ́kọ́ fún Peugeot àti Panhard, iléeṣẹ́ méjì tó ń ṣe mọ́tò, nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Levassor, awakọ̀ ará Faransé, wakọ̀ láti Paris dé Bordeaux ó tún wà á padà, wákàtí 48 àti ìṣẹ́jú 48, òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di sítíárìn mú jálẹ̀ tòru-tọ̀sán, ẹ̀bùn ńlá bá bọ́ sọ́wọ́ Koechlin, awakọ̀ Peugeot kan tó dé lẹ́yìn ẹ̀, torí pé èèyàn méjì péré lọkọ̀ Levassor ń gbé, mẹ́rin ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ gbọ́ ná!

Ìyẹn ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ti Wendell Scott ni ò ṣeé fi rẹ́rìn-ín rárá, awakọ̀ ìje aláwọ̀ dúdú ará Danville ní Virginia, Amẹ́ríkà, tó ti wa takisí, tó ti fi mọ́tò gbé ògógóró sá fún ọlọ́pàá, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ara ẹ̀ ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Ní December 1, 1963, ní Jacksonville ní Florida, ó fi yípo méjì ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ, síbẹ̀ Buck Baker, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n pè jáde tí wọ́n gbé ife fún, ìgbà táwọn òǹwòran ti lọ sílé tán ni wọ́n wá sọ pé àwọn ṣi ìṣírò ṣe. Scott fúnra ẹ̀ gbà pé wọn ò fẹ́ kóun fẹnu ko arẹwà òyìnbó tó ń fún olùborí ní ife ni. Ó kú ní 1990. Ọdún 2021 ni NASCAR, àjọ tó ń ṣètò eré ìje yẹn ní Amẹ́ríkà, tó gbé ife ẹ̀ fún ẹbí ẹ̀.

Ìwé yẹn fún Fangio, awakọ̀ ìje ará Argentina, ní ojú ewé rẹpẹtẹ, ó dáa, ife àgbáyé márùn-ún kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ìlà méjì péré ni wọ́n kọ nípa Scott, kò sí fọ́tò kankan, bẹ́ẹ̀ fọ́tò òun àti mọ́tò ẹ̀ wà níta lóríṣiríṣi. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé eré ìdárayá yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá wa gbé ọ̀kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ dẹ̀ kọ ọjọ́ tó borí sísàlẹ̀ ẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn