Àìsàn kíndìnrín: jíìnì nìkan kọ́ ló ń dájọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àìsàn kíndìnrín dára, àfi gbólóhùn kan tí kò yẹ ká fojú fò: pé ìdílé tó bá ti ní i, ó ti ní i nìyẹn, kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń mú kí aláìsàn da oògùn nù, kó wá máa ra àgbo "fọ kíndìnrín" káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́.

Lóòótọ́, àjogúnbá wà níbẹ̀. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ṣàwárí oríṣi jíìnì APOL1 méjì, G1 àti G2, tó ń fi kíndìnrín sínú ewu. Wọ́n wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa Yorùbá, torí wọ́n ń ran ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò àrùn sùnrunsùnrun jà. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe fún èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló gba ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká ní jíìnì nìkan tó ni, ibo la ó ti rí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ tó máa gba gbogbo wọn? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kíndìnrín wọn ò ní yọ wọ́n lẹ́nu títí ayé.

Ohun tó ń tan jíìnì ọ̀hún ló ń fa wàhálà. Bí kòkòrò bíi HIV bá wọ ara, ara á tú interferon, purotéènì tó fi ń gbógun ti kòkòrò, jáde, interferon á sì ní kí sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín máa ṣe purotéènì APOL1 lọ́pọ̀ yanturu. Bí ó bá jẹ́ oríṣi G1 tàbí G2, á lu ara sẹ́ẹ̀lì náà, potasíọ́mù á jò jáde, sẹ́ẹ̀lì á kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbá asẹ́ kíndìnrín mú yìí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hù padà. Ibẹ̀ ni purotéènì ti ń bọ́ sínú ìtọ̀, tí ìtọ̀ fi ń hó bí omi ọṣẹ.

Ti TGF-beta, purotéènì tí ara fi ń sọ ọgbẹ́ di àpá, tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò yọ ẹni tí kò ní G1 tàbí G2 sílẹ̀. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ wẹ́wẹ́ bíi mílíọ̀nù kan. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá ba díẹ̀ jẹ́, àwọn tó kù ni yóò gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ìfúnpá inú wọn á ga, angiotensin, èròjà tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, á pọ̀ sí i, á sì ta TGF-beta jí. Òun ló ń rán Smad3, purotéènì tó ń jíṣẹ́ fún un, lọ síbi tí DNA wà, láti tan jíìnì tó ń ṣe kólájìn, ìyẹn purotéènì bí okùn tó ń so ara pọ̀. Ó tún ń pa miR-29, ọ̀kan lára àwọn RNA kéékèèké tó ń darí jíìnì, tó yẹ kó dá kólájìn dúró, ó sì ń gbé irú rẹ̀ mìíràn, miR-21, tó ń ti àpá lẹ́yìn, sókè. Kólájìn yìí ló ń di àpá, àpá kì í sì í sẹ́ nǹkan kan. Ìdí rèé tí kreatíníìn, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín yẹ kó sẹ́ dànù, fi ń gòkè lẹ́yìn tí ohun tó kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ sílẹ̀ ti kásẹ̀ ńlẹ̀.

Ojú ibẹ̀ gan-an ni lisinopril àti losartan ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pè wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lásán. Ọ̀kan ń dín angiotensin kù, èkejì ń dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró torí pé ẹ̀rọ ka 120/80 ti tún fàyè gba TGF-beta nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ kreatíníìn àti potasíọ́mù wò. Kreatíníìn lè gòkè díẹ̀. Bí kò bá ju 30% lọ, kì í ṣe oògùn ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí lisinopril bá ń fa ikọ́ gbígbẹ, kí dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan. A kì í lò wọ́n pọ̀. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn wọ́n. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá dé, ẹ tètè béèrè bóyá kẹ́ ẹ dá a dúró fúngbà díẹ̀. Ní ti diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n ń gbé mì nítorí ẹ̀yìn ríro lásìkò kajú, ẹni tó ń lo losartan kó jìnnà sí wọn.

Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti dé ìdí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀, kó má wulẹ̀ wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ jíìnì wò kiri. Ìtọ̀ ni kó gbé lọ, ti àkọ́jí, torí ìtọ̀ ẹni tó ti mu omi púpọ̀ lè fọ́n ká débi pé àyẹ̀wò onípáálí ò ní rí nǹkan kan. Kó ní kí wọ́n fi albumin, purotéènì ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ sínú ìtọ̀, wé kreatíníìn inú ìtọ̀ náà. Bí ó bá tó 30 mg/g, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kíndìnrín ni, bí ara ẹni náà tilẹ̀ le koko. Kó tọ́jú ìwé èsì náà pẹ̀lú, torí iye ti èṣí àti ti ọdún yìí ni dókítà á fi mọ bí ó ṣe ń sáré sí.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Ògbómọ̀ṣọ́